Níbo ni ìṣẹ́jú mẹ́tàlá wà? Ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sá eré Boston

Tíṣà Ìtòrò:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì pé ọmọ ọdún 43 nínú oṣù kejì tó kọjá yìí. Nínú oṣù kan náà ni mo sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ti ìlú Èkó, láti Pápá Ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic, ó sì gbà mí ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 21. Ìgbà kẹta nìyí tí mo sá kìlómítà 42.195 náà parí, òun ló sì yá jù. Ohun tó gbà mí lọ́kàn báyìí ni eré Boston ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 1897. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ aláàánú wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó owó ìtọrẹ jọ, ẹni tó bá fẹ́ sá a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sá eré mìíràn, kí àkókò rẹ̀ sì kúnjú òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ti ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 40 sí 44 jẹ́ 3:05, ìyẹn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 5. Ìṣẹ́jú 16 gbáko ló wà láàárín èmi àti ẹnu ọ̀nà.

N kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín. Ìdajì àkọ́kọ́ eré Èkó náà gbà mí ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 32. Ìdajì kejì gbà mí ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 49. Lórí afárá Third Mainland, mo ń sá bí ẹni pé wọ́n ń pín nǹkan lápá kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìkòyí, itan mi ti le bí igi, àwọn ọ̀dọ́ tí mo ti yà sílẹ̀ lórí afárá sì ń kí mi pé "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o" bí wọ́n ti ń kọjá lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ń sáré láàárín ọ̀sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50, èyí tó gùn jù tí mo sá kí ọjọ́ eré tó pé sì jẹ́ kìlómítà 26. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti wá ìṣẹ́jú 16?

Ọmọ Ayépé ní Berlin:

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ kú oríire. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣẹ́jú kiri, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹ wọ bàtà. Ọjọ́ orí tí àwọn elétò Boston ń kà kì í ṣe ti ọjọ́ tí ẹ sá eré tí ẹ fi kúnjú òṣùwọ̀n. Iye ọdún tí ẹ óò ti pé ní ọjọ́ eré Boston fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù kẹrin. Bí ẹ bá lè ní sùúrù kí ọdún kan gorí òmíràn, ẹ óò ti pé 45 nínú oṣù kejì ọdún náà, òṣùwọ̀n ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 45 sí 49 sì jẹ́ 3:15. Ìyẹn ni pé àkókò tí ẹ bá sá ní Èkó ní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 44, lẹ lè fi forúkọ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, kí ẹ sì sá Boston ní oṣù kẹrin tó tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ẹni ọdún 45.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀ jù, nítorí pé kíkúnjú òṣùwọ̀n nìkan kò tó láti wọlé. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ pọ̀ ju àyè tó wà lọ, nítorí náà ẹni tó bá yára jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Fún eré ọdún 2024, ẹni tí kò bá fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 29 yára ju òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ kò wọlé. Ní 2025, ó di ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 51. Ìgbà náà ni wọ́n wá gé ìṣẹ́jú 5 kúrò nínú òṣùwọ̀n gbogbo ẹni tí kò tíì pé 60 ọdún, síbẹ̀ náà, ti ọdún 2026 ṣì béèrè ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 34 lé e. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Bí èmi bá jẹ́ ẹ̀yin, n kò ní kọ 3:15 sára ògiri yàrá mi rárá, 3:08 ni n óò kọ. Ìṣẹ́jú 13 lẹ ń wá, kì í ṣe 16. Kí ẹ sì tó ra bàtà kankan, ẹ máa wo ojú ìwé àwọn elétò náà lọ́dọọdún, nítorí wọ́n lè tún òṣùwọ̀n náà gé.

Eré tí ẹ óò fi kúnjú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àjọ tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti wọn ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ti Èkó wà lára irú rẹ̀. Eré àdúgbò tí wọ́n fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn ọ̀nà rẹ̀ kò wúlò fún èyí, bó ti wù kí ẹ sá a tó. Ẹ má sì lọ wá eré tí wọ́n ń sá láti orí òkè gíga wá sí ìsàlẹ̀, torí pé láti ti ọdún 2027 ni wọ́n ti ń fi ìṣẹ́jú kún àkókò ẹni tó bá fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé.

Tíṣà Ìtòrò:

Àbúrò, Ọlọ́run yóò bù kún un yín. Mo ti ń ṣe eré yìí fún ọdún mẹ́rin, n kò sì mọ̀ pé ọjọ́ ìbí mi lè bá mi sáré. Mo ti nu 3:05 kúrò, mo ti kọ 3:08. Ẹnìkan tilẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé kí n wá ọ̀dọ́ kan tó yára kí ó bá mi so nọ́ńbà mi mọ́ àyà ní Èkó, kí èmi dúró dè é ní Eko Atlantic. N kò dá a lóhùn.

Ọmọ Ayépé ní Berlin:

Ẹ ṣeun tí ẹ kò dá a lóhùn. Ẹ sọ fún un pé ní ọdún 1980, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosie Ruiz gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin ní Boston, láì mọ̀ pé àwọn ènìyàn rí i nígbà tó já wọ ojú ọ̀nà nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Jacqueline Gareau tó ni ín. Nígbà náà, ẹ̀rọ kankan kò sí lára nọ́ńbà, wọ́n sì mú un. Lónìí tí ẹ̀rọ ń ka ẹsẹ̀ sárésáré láti ibùdó kan sí èkejì, tí àwọn ayàwòrán sì dúró káàkiri ojú ọ̀nà, ta ni yóò bọ́?

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́:

Tíṣà, ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní eré sísá fún ọdún pípẹ́ ní Rẹ́mọ níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún ọ pé ìṣẹ́jú mẹ́tàlá rẹ kò sọnù. O ti fi ẹnu ara rẹ sọ ibi tó wà: 1:32 àti 1:49. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló ya ìdajì méjèèjì nípá. Ẹni tó fẹ́ sá 3:08 yóò sá ìdajì kọ̀ọ̀kan ní 1:34, tí í ṣe ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 27 fún kìlómítà kan. Wò ó dáadáa: 1:34 lọ́ra ju bí ìwọ ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Eré tí ò ń wá kò béèrè pé kí o yára ju bí o ti yára lọ lórí afárá yẹn. Ó ní kí o lọ́ra níbẹ̀, kí o má sì yí i padà mọ́ títí dé òpin. Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé. Asárétete kò róyè jẹ.

Ohun tó ṣe ọ́ ní Ìkòyí kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Oúnjẹ afúnnilágbára tí ara ń kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kò ju èyí tó lè gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé nǹkan bíi kìlómítà 30 sí 32 lọ, bí ènìyàn bá sì ti yára jù ní ìbẹ̀rẹ̀, kíákíá ni ó ń jó o tán. Nígbà tó bá tán, ọ̀rá ni ara ń jó, ọ̀rá sì ni igi tútù, kì í tètè ràn. Ọ̀nà méjì ni à ń gbà dènà rẹ̀: kí a kọ́ ara láti máa jó ọ̀rá láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ eré gígùn tí a fi pẹ̀lẹ́ sá, kí a sì máa fi nǹkan dídùn sẹ́nu lójú ọ̀nà kí ebi tó pa wá.

Kìlómítà 26 tí o fi ṣe èyí tó gùn jù kò tó. Láti ìsinsìnyí títí di oṣù kẹsàn-án, máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ láti 50 lọ sí 80, má sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ borí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin, dín in kù kí egungun lè sinmi. Láti oṣù kẹwàá, sá eré gígùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó máa lọ láti 24 dé 32, kí o sì sá a ní pẹ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 5 àti ààbọ̀ fún kìlómítà kan, bí àwọn ọmọdé tilẹ̀ ń kọjá lára rẹ. Lẹ́yìn tí o bá ti dé 30 lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà náà ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í sá kìlómítà 8 tàbí 10 tó kẹ́yìn ní 4:27 náà. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń kọ́ ohun tó gbàgbé ní Ìkòyí. Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, lọ sí pápá, níbi tí yípo kan ti jẹ́ mítà 400, kí o sá kìlómítà kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní nǹkan bíi 4:10, kí o máa rìn fún ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Àwọn ọjọ́ tó kù, ìrìn-sá ni kó jẹ́. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kí o sá 35 ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré láti dán ara rẹ wò kò fẹ́ràn rẹ.

Ní ti ọ̀nà, má ṣe sá lórí ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọrẹ láéláé, nítorí ọkọ̀ àjàgbé ibẹ̀ kì í wo iwájú, àwọn kan sì máa ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn. Àwa níhìn-ín máa ń yí po láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn, kí a gba Ìperu padà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí o máa wà, kí o máa kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Tí ó bá sì di ọjọ́ eré, mu omi ní gbogbo ibùdó tí wọ́n bá ti ń pín in, má fo ọ̀kankan.

Nọ́ọ̀sì Mákun:

Bàbá wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀kọ́ nípa ìdajì méjì yẹn ti wọ èmi náà létí, torí àṣìṣe tèmi náà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi jìn mí, ibẹ̀ ni n kò ti lè dákẹ́. Kì í ṣe àìmumi nìkan ló ń ṣe àwọn sárésáré ní ibi. Ẹni tó bá mu omi lásán ní àmujù fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń fi omi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ yóò máa fọ́, èébì yóò máa gbé e, bí ó bá le jù, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ní eré Boston ti ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò lẹ́yìn eré, ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ojú ẹni tí omi pọ̀ jù lára rẹ̀ jọ ti ẹni tí omi gbẹ lára rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yóò sì tún máa rọ omi sí i lẹ́nu.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń wọn ara mi lórí òṣùwọ̀n kí n tó lọ sá eré gígùn, mo sì tún ń wọn ara mi bí mo bá dé. Bí mo bá fi díẹ̀ fúyẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wúwo sí i, omi ti pọ̀ jù. Òùngbẹ ni mo fi ń mu omi, kì í ṣe ibùdó. Nínú omi líta kan, tí í ṣe omi inú ọ̀rá méjì, mo máa ń po ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń po ti ọmọ tó ń yàgbẹ́. Ṣúgà inú rẹ̀ nìkan kò tó fún eré o. Láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ẹ máa wá gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ dídùn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà, ìbáà ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí dàbínù. Ohunkóhun tí ẹ óò jẹ ní Èkó, ẹ ti gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà níbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà ó kéré tán.

Mo mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, ṣùgbọ́n ẹ má mu gàrí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré. Kíkan rẹ̀ tó ń mú inú wa dùn ní ọ̀sán ni yóò máa ta yín nínú ní kìlómítà 15. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Ìrẹsì tàbí ìkọ́kọrẹ́ tí ata rẹ̀ kò pọ̀ dára fún alẹ́, búrẹ́dì àti oyin díẹ̀ sì tó fún òwúrọ̀. Ẹ má sì lo oògùn ìrora irú bíi ibuprofen kí ẹ tó sáré. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín ti dín kù nígbà tí ènìyàn ń sáré nínú ooru, irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì tún ń dín in kù sí i. Bí ibà bá sì wà lára yín ní ọ̀sẹ̀ eré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sùn sílé. Èkó yóò tún sá eré ní ọdún mìíràn.

Mo fẹ́ fi kún un fún àwọn obìnrin tó bá ń ka èyí, torí àwọn ọkùnrin kì í rántí rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣètò ìdánrawò, ẹ kọ ọjọ́ Orò ìlú yín àti àsìkò Agẹmọ sínú ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn Agẹmọ bá ń bọ̀ ní Ìmọ̀sàn, ọ̀nà Ìmọ̀dì sí Ìmọ̀sàn kì í ṣe ọ̀nà tí obìnrin lè sá gbà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo máa ń fi ṣe ọ̀sẹ̀ ìsinmi mi, mo sì máa ń gun àtẹ̀gùn inú ilé. Ẹ má jẹ́ kí eré gígùn yín bọ́ sí ọjọ́ Ojúde Ọba náà, ọ̀nà kò ní gbà yín, oúnjẹ kò sì ní jẹ́ kí ẹ lè sáré.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́:

Nọ́ọ̀sì, mo gbà. Ní ìgbà tiwa, wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ pé kí a má mu omi rárá, pé ó ń mú ẹsẹ̀ wúwo. A ti bọ́ nínú èyí, mo wá lọ kó sínú èkejì. Ẹ pa ìlà tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ mi rẹ́.

Oníbàtà Òkè-Àjé:

Ẹ má bínú, bàtà ni mo ń tà, ṣùgbọ́n èmi náà ń sáré. Bàtà òkìrìkà kò burú bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yàn: ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, bí kò bá tún gbé ara rẹ̀ sókè, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti sá a tán. Bàtà eré kì í sábà kọjá kìlómítà 500 sí 800. Ẹ ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi, torí ẹsẹ̀ ń wú. Ẹni tó bá fẹ́ fi Abebe Bikila ṣe àwíjàre pé òun yóò sá a láìwọ bàtà, ẹ rán an létí pé lóòótọ́ ni ó fi ẹsẹ̀ lásán borí ní Róòmù ní 1960, ní 2:15:16, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Tokyo ní 1964, ó wọ bàtà, ó sì sá a ní 2:12:11.

Ọmọ Ayépé ní Berlin:

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Kí ẹ kúnjú òṣùwọ̀n kò túmọ̀ sí pé ẹ óò rí fisà gbà, ìwé tí àwọn elétò eré fi ránṣẹ́ kò sì lè fi ipá mú iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba kankan. Òfin tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà sì ń yí padà lemọ́lemọ́. Ẹ wo ohun tí òfin wí lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, nítorí ẹ kò lè ta nọ́ńbà yín fún ẹlòmíràn. Èyí ni mo fi gba eré Berlin ní ti èmi, tí mo kàn forúkọ sí ìbò tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké yan ènìyàn, tí wọ́n sì mú mi ní ìgbà kẹta. Kí ẹ má sì rò pé ìbò rọrùn o: àwọn tó forúkọ sí ìbò London ti ọdún 2026 lé ní mílíọ̀nù kan.

Bí Ọlọ́run bá mú yín dé Boston, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Bàbá nípa ìbẹ̀rẹ̀. Dagẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà náà láti Hopkinton, ó ń fa ènìyàn lọ, iṣan iwájú itan sì ni yóò san gbèsè rẹ̀ nígbà tí òkè Newton bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 26, tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, Heartbreak Hill, sì dúró dè yín ní nǹkan bíi 33. Ẹ wá ibi gíga kan nílé kí ẹ máa fi pẹ̀lẹ́ sá sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gígùn òkè nìkan lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi dánra wò.

Tíṣà Ìtòrò:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti wá ibi gíga náà: ẹ̀gbẹ́ ògiri Ẹrẹdò ní Òkè-Erì, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ dáadáa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni n óò bẹ̀rẹ̀, agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, kìlómítà 16 péré, ìṣẹ́jú 5 àti ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ní òun kò gbà pé mo lè lọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́:

Èmi náà kò gbà. N óò sùn sí ilé àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, n óò sì gbé kẹ̀kẹ́ mi wá. Ẹ̀yìn mi ni kí o máa sá. Bí o bá kọjá mi, a óò padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀.